Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ó tọ́ kí máàkì ọmọ Èkó yàtọ̀ sí ti ọmọ Zamfara?

Lọ́dún 2013, kí ọmọ Èkó tó lè wọ ilé-ìwé girama ìjọba àpapọ̀, ó ní láti gba máàkì 133. Ọmọ Anambra, 139. Ọmọkùnrin Zamfara ńkọ́? 4 péré. Ọmọbìnrin ibẹ̀, 2. Inú ṣì ń bí ọ̀pọ̀ òbí títí dòní.

1. Ìdí ìlànà tó mú kí máàkì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra. Ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ kò ní olùkọ́ kò lè bá ẹni tó ń gba lẹ́sìnnì nílé díje.

2. Àmọ́ ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ọmọ! Ọmọ olówó Zamfara tó kàwé l'Ábújá, máàkì kékeré ló máa fi wọlé. Ọmọ Èkó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláàárù ní Mushin, àfi kó gba 133 lọ́dún 2013 yẹn. Ibí yìí gan-an ló ń dùn mí.

3. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n fi ń wo ọmọ fúnra rẹ̀. Ní Bràsíl, òfin ọdún 2012 ya ìdajì àyè yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ka girama ìjọba. Láàárín ìdajì yẹn ni wọ́n ti ń pín ti tálákà, aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà.

Kí lẹ rò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì pín in fún òbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní praimárì 6.