Níbi Tí Ìrànlọ́wọ́ Wà: Ìwé Ìlàlóye fún Oníṣẹ́ Ọnà àti Oníṣẹ́ Ọwọ́

Ìwé yìí wà fún aládìrẹ ní Abẹ́òkúta, ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, afíngbá ní Ọ̀yọ́, amọ̀kòkò ní Ìlọrin, agbẹ́gilére, onílẹ̀kẹ̀, àti ayàwòrán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yaba Tech tí kò tíì mọ ibi tí yóò gbà. Ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń gbé wá sí ọ́fíìsì àṣà wa: "Ṣé owó kan wà tí ìjọba ń pín?" Nígbà mìíràn, ó máa ń wà. Àmọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ kankan kò mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan, iwájú ilé rẹ̀ ni owó náà yóò gbà kọjá. Bí ẹ ó ṣe di ẹni mímọ̀ kí àǹfààní tó dé ni a fẹ́ sọ níbí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́

Iṣẹ́ ọwọ́ àbáláyé wo ni kò ní ẹgbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ iṣẹ́ lórí YouTube kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní owó oṣù ti pọ̀ jù, ìpàdé àwọn àgbà kì í tètè parí, aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí kò tíì gbó tí wọ́n ti mú òmíràn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá wá pa àṣẹ adìrẹ ẹlẹ́kọ fún òkú àgbà, tó fẹ́ kí aṣọ irínwó ènìyàn pé láàárín oṣù kan, ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká a. Ẹgbẹ́ ló máa ń pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì wà níkàlẹ̀ ni wọ́n máa ń pín in fún.

Ẹgbẹ́ náà ni ìjọba máa ń kàn sí. Láti ọdún 1970 ni Àjọ̀dún Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà ti gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn NAFEST, ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn ló ń lọ, ìpínlẹ̀ tó bá sì lọ síbẹ̀ máa ń kó oníṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ dání. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àṣà tún máa ń ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Àbújá, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti máa ń pàtẹ tiwọn. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dé ibẹ̀ ni Àjọ Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà ti ìpínlẹ̀ yín. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ yín, irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe àti nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán iṣẹ́ yín bíi márùn-ún tì í. Ẹ padà lọ wò ó lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ ni a ti wá tì nítorí pé wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá tó mẹ́wàá tí ẹ finú tán ara yín, ẹ lè dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó ń ra aṣọ funfun lọ́pàá-lọ́pàá, tó ń ra sódà àti aró ní ike kékeré, kò lè tà ní iye kan náà pẹ̀lú àwọn tó para pọ̀ ra odidi bẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún lè yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó nínú owó tí ẹ dá jọ, láìsí pé ó ń fi ilé bàbá rẹ̀ dúró ní báńkì.

Orúkọ iṣẹ́ yín

Ọ́fíìsì tó ń forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni CAC. Ẹnì kan ṣoṣo lè forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tó bá dá ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ ó mú orúkọ méjì dání, kí ó lè jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá ti gba èkíní, èkejì wà nílẹ̀. Ẹ ó nílò nọ́ńbà NIN, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́, fọ́tò pélébé àti ìbuwọ́lù. Bí ẹ bá ní kí aṣojú bá yín ṣe é, nọ́ńbà àti ímeèlì tiyín ni kí ó fi síbẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn náà, ẹni tó ni ímeèlì ló ni kọ́kọ́rọ́. Láti ọdún kejì ni ẹ ó ti máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí wọn, kò sì gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé èyí títí tí owó ìtanràn fi máa ń pọ̀.

Ìwé ẹ̀rí tí CAC bá fún yín ni ẹ ó fi ṣí àpamọ́ báńkì lórúkọ iṣẹ́. Òun náà ni SMEDAN, àjọ tí òfin ọdún 2003 dá sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, àti Bank of Industry, tó ń yáni lówó, máa ń béèrè. Ní ti owó yíyá, ẹ má yá èyí tí iṣẹ́ ọjà kan kò lè san padà. A kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ju ìyẹn lọ níbẹ̀.

Ta ló ni bátànì?

Ẹjọ́ tó ń gbóná jù ní Ìtòkú, ọjà adìrẹ Abẹ́òkúta, nìyí. Àwọn aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń tà lórúkọ adìrẹ, ti wọ inú ọjà, owó wọn sì kéré ju ti ojúlówó lọ. Ẹnì kan kò lè bá wọn jà. Ẹgbẹ́ ló lè gbé e lọ bá ìjọba. Èyí tó wà ní ìkáwọ́ yín ni kí ẹ kọ orúkọ yín sí etí aṣọ, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà rí i bí ẹ ṣe ń ṣe é.

Òfin kọ́píráìtì tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023 dá àbò bo àwòrán àti ère láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣe é tán, ó sì ń bá a lọ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é. Kò di dandan kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ tọ́jú àwòrán iṣẹ́ yín pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ṣe é, nítorí ilé ẹjọ́ yóò béèrè ẹ̀rí. Ọ̀tọ̀ ni ti bátànì tí ẹ fẹ́ máa tẹ̀ sórí aṣọ púpọ̀ fún títà. Ìforúkọsílẹ̀ dísáìnì ní Àbújá ni ìyẹn ń fẹ́. Ọdún márùn-ún ló ń lò, ẹ sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e sórí Instagram. Ìbàdàndùn àti Olókun kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó fún òun kí ẹ tó ya wọ́n, ẹ má dá a lóhùn.

Títà nílé, títà lókèèrè

Ẹ mọ ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ọdún. Ìtàdógún ni wọ́n ń ná ọjà aṣọ òkè ní Òjé, n'Ìbàdàn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ṣáájú ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń kópa níbẹ̀ ti máa ń pa àṣẹ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Oṣù kẹjọ ni àlejò máa ń ya wọ Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún kó tó wá ààyè ìpàtẹ, ẹ̀yìn ni yóò wà.

Bí ẹ bá kó iṣẹ́ sílẹ̀ ní gálárì kí wọ́n bá yín tà á, ẹ gba ìwé. Kí ó sọ iye iṣẹ́ náà àti bí ó ṣe tóbi tó, iye tí ẹ fẹ́ gbà, èyí tí gálárì yóò mú níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó padà wá kó èyí tí kò tà, àti ẹni tí yóò sanwó bí ó bá bàjẹ́. Oníṣòwò gidi kò ní bínú sí i.

Ẹ̀yin agbẹ́gilére àti ẹ̀yin tó ń dá idẹ, ẹ fetí sí èyí. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgbàṣẹ: iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918, tàbí èyí tó níyì nínú ìtàn tàbí ọnà tí wọ́n sì ti fi ṣe ètùtù tàbí orò rí. Ère ìbejì tí ẹ gbẹ́ lóṣù tó kọjá kò sí lára wọn, ṣùgbọ́n kí ni yóò fi hàn ní pápákọ̀ òfurufú, pàápàá bí ẹ bá ti fi èéfín kùn ún kó lè jọ ti àtijọ́? Ẹ mú un lọ sí Mùsíọ̀mù Ìjọba Àpapọ̀ tó súnmọ́ yín kí wọ́n tọ́ka yín sí ibi tí ẹ ó ti gba ìwé àṣẹ. Wọ́n wà ní Oníkàn l'Ékòó, n'Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ifẹ̀. Ẹ sọ fún oníbàárà tó ń rìnrìn àjò pé kí ó fi ìwé náà pẹ̀lú rìsíìtì yín sínú báàgì tí yóò gbé lọ́wọ́.

Kí ẹ tó wá sí ọ́fíìsì

Fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ ìjọba kì í ṣe títà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àpamọ́ òun kí orúkọ yín lè jáde, ẹ gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún wa. Ọ́fíìsì àṣà wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé yín dání, ẹ fi ojúlówó sílé. Bí kíkọ àti kíkà bá ṣòro, ẹ lè mú ọmọ tàbí ọmọ iṣẹ́ yín wá. A ó ka fọ́ọ̀mù náà fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ka sí i.