Ìbámu Kíkà-lẹ́yìn-Kíkọ: Àbùkù Kan àti Orúkọ tí ó Yẹ ẹ́

Ẹni tí ó kọ nǹkan sínú àkójọ-àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, tí a sì dá a lóhùn pé ó ti wọlé, ń retí láti rí i nígbà tí ó bá padà wò ó. Èyí ni ìbámu kíkà-lẹ́yìn-kíkọ. (“Ìkà-lẹ́yìn-ìkọ” ìbá kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwà burúkú ni ìkà, ohun tí a fi ń fa nǹkan sì ni ìkọ.) Nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ìbámu yìí kò ṣòro. Ìṣòro dé nígbà tí a pín àkọsílẹ̀ kan náà káàkiri kọ̀ǹpútà púpọ̀: ẹ̀dà àgbà ń gba ohun tí a kọ, àwọn ẹ̀dà atẹ̀lé sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ìbéèrè bá bọ́ sọ́dọ̀ atẹ̀lé tí ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò dáhùn pé kò sí.

Olùtumọ̀ tí ó bá pe èyí ní “ìpàdánù” ti ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tí ó bá gbà pé owó tí òun fi ránṣẹ́ ti sọnù yóò fi òmíràn ránṣẹ́. Nígbà tí àwọn ẹ̀dà bá sì bára mu tán, ìsanwó ti di méjì. “Ìfàsẹ́yìn ẹ̀dà” ni ó tọ̀nà.

Ẹni tí ó ń wá ìdí àbùkù náà ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀dà àgbà jẹ́wọ́ pé òun gba ohun tí a kọ. Bí kò bá jẹ́wọ́, ọ̀ràn mìíràn ni. Bí ó bá jẹ́wọ́, ẹ̀dà wo ni ó dáhùn, báwo ni ó sì ti jìnnà sẹ́yìn tó? Nígbà mìíràn, àwọn ẹ̀dà kò jẹ̀bi rárá. Ibi ìpamọ́ onígbà-díẹ̀ tí ó wà láàárín ni ó ń tún ìdáhùn àtijọ́ sọ.

S3, ilé ìpamọ́ tí Amazon ṣí ní 2006, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yani lẹ́nu. Ṣáájú oṣù Kejìlá 2020, ohun tuntun tí a kọ síbẹ̀ ṣe é kà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àyàfi bí a bá ti béèrè rẹ̀ kí a tó kọ ọ́. Nígbà náà, “kò sí” lè máa jáde fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ohun náà ti wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò sì máa ń béèrè bóyá nǹkan wà kí wọ́n tó kọ ọ́: ìṣọ́ra gan-an ni ó ń bí àbùkù! Ní oṣù náà ni Amazon kéde pé kíkà yóò máa bá kíkọ mu fún gbogbo ẹni tí ó bá béèrè.

Ọgbọ́n mìíràn ti wà láti 1994, nígbà tí Douglas Terry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC là á sílẹ̀ pé kí ẹni tí ó kọ nǹkan máa rí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ọ̀nà kan ni pé kí ó máa mú àmì ohun tí ó kọ gbẹ̀yìn lọ́wọ́. Atẹ̀lé tí kò tíì dé ibi àmì náà yóò dúró, tàbí kí ó darí ìbéèrè náà sí ẹ̀dà mìíràn. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìṣirò: bí ẹ̀dà bá jẹ́ 3, kí 2 jẹ́wọ́ kíkọ, kí a sì ka 2. Nítorí pé 2 + 2 ju 3 lọ, ó kéré tán ẹ̀dà kan wà níbi méjèèjì. Bí a bá kọ sí 1 tí a sì ka 1, kò sí ìdánilójú bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì ni ọ̀rọ̀-ìperí kan ṣoṣo wá ń bò mọ́lẹ̀. Ti Xerox jẹ́ fún ẹni tí ó kọ nìkan. Ẹlòmíràn ṣì lè ka ti àtijọ́. Ti S3 jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. “Ìbámu ti ara-ẹni” àti “ìbámu ti gbogboogbò” yóò là wọ́n níyà.