Kí Orúkọ Sọ Òṣùwọ̀n

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àgbà yìí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ Àlímọ̀ṣọ́ tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgàndò, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń sọ nǹkan lórúkọ, tí ẹlòmíràn sì ń fi orúkọ náà ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀wà ní ọjà Ìkòtún kì í gbà kí a kàn pe owó lásán. Yóò bèèrè bóyá ti kóńgò ni tàbí ti dẹ́rikà. Kọ̀ǹpútà kì í bèèrè. Iye tí a bá kọ fún un ni yóò gbà.

Ẹ wo Paystack àti Flutterwave, ilé-iṣẹ́ méjì tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 2015 àti 2016 láti máa gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ètò wa bá fẹ́ gba owó nípasẹ̀ wọn, àyè kan wà tí a ń kọ iye owó náà sí; “amount” sì ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ ni Paystack ń kà, náírà sì ni ẹ̀dà kẹta ti Flutterwave ń kà. Bí a bá kọ 5000 ránṣẹ́ sí Paystack fún ọjà ₦5,000, ₦50 péré ni oníbàárà yóò san. Ọlọ́jà ni yóò pàdánù ìyókù. Lóòótọ́, ìwé ìlànà wọn ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ ń kán lójú a máa ka orúkọ ṣáájú ìwé. A kò lè yí orúkọ tiwọn padà. Nínú ètò tiwa, ẹ jẹ́ kí a pè é ní “iye_ni_kobo”.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iye tí kì í sábà yí padà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2020, owó-orí ọjà tí a ń pè ní VAT gòkè láti 5 sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá ti kọ 5 lásán sí ogún ibi nínú ètò rẹ̀ ní láti wá wọn kiri, kí ó sì ṣọ́ra kí ó má ba 5 mìíràn jẹ́. Ẹni tí ó bá ti sọ ọ́ ní “owo_ori_oja” yóò yí i padà níbi kan ṣoṣo.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ọlọ́jà nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, ọkọ̀ ojú ọ̀run Mars Climate Orbiter ti Amẹ́ríkà ṣègbé, nítorí pé ètò kan fi pọ́n-ùn ṣírò agbára, èyí tí ó gbà á sì kà á sí newton.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ sọ ohun tí iye jẹ́, kí ó sì sọ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí yóò ka ètò yín lọ́la lè má rí yín bi léèrè.