Bí Ilé Ìtajà Ńlá Bá Kógbá Sílé, Ta Ló Ni Ilẹ̀?

Ní báyìí tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sí iwájú ilé ìtajà. Ẹ ó sì ti rí i pé orúkọ a máa yí padà. Lónìí, ilé ìtajà ńlá kan ń jẹ́ orúkọ kan. Lọ́la, wọ́n ti kọ orúkọ mìíràn sí i. Lọ́túnla, àgádágodo ló kù lẹ́nu ọ̀nà, koríko sì ti bo àgbàlá. Kí ló fà á? Ta ló sì ni ilẹ̀ tó ṣófo yẹn? Ohun tí a fẹ́ kà nípa rẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà kan ọlọ́jà, ó kan àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé tó ni ilẹ̀ ló kàn jù.

BÍ ILÉ ÌTAJÀ ÒYÌNBÓ ṢE DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Ní 1907, ojú irin tó ti Èkó wá dé Òṣogbo. Àwọn òyìnbó oníṣòwò tẹ̀ lé e wá. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ bíi UAC, John Holt àti Paterson Zochonis ní ilé ìkẹ́rù àti ilé ìtajà ní Òṣogbo. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ra kòkó àti ekùrọ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n sì ń ta aṣọ, iyọ̀, epo kẹrosíìnì, páànù àti sìmẹ́ńtì fún wa. Owó tí àgbẹ̀ gbà ní ẹnu ọ̀nà kan, ẹnu ọ̀nà kejì ló ti ń ná an.

Ìdó-Ọ̀ṣun kò jìnnà sí Òṣogbo. Ẹni tó bá ru ẹrù kúrò nílé láàárọ̀ lè tà á, kí ó ra nǹkan, kí ó sì padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Iléṣà ní tirẹ̀ kò ní ojú irin, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjẹ̀ṣà mọ òwò. Àwọn Òṣómàáló a máa gba aṣọ láwìn lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Wọn a gbé e lọ sí ìlú àti abúlé kiri, wọn a tà á láwìn, wọn a sì padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní àwọn yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Nítorí náà, bí ilé ìtajà kan bá ti ìlẹ̀kùn, kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó kàn. Orísun ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbẹ.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÌDÀPỌ̀ ILÉ IṢẸ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé obìnrin mẹ́ta ló ń ta epo pupa lójú kan náà. Bí ti àkọ́kọ́ bá wọ́n, ẹ ó kọjá sọ́dọ̀ ìkejì. Bí ìkejì náà bá wọ́n, ẹ ó lọ bá ìkẹta. Nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ẹ lè kọjá, wọn ò ní lè gbówó lé epo jù. Ó wá di ọjọ́ kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó owó wọn pọ̀ sínú igbá kan. Wọ́n fi ẹnì kan ṣe ọ̀gá, wọ́n sì dá iye kan. Láti ọjọ́ náà lọ, yálà kí ẹ rà á ní iye tí wọ́n pè é, tàbí kí ẹ máa lọ sílé. Ìdàpọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn òyìnbó ṣe. Ní 1919, àwọn ilé iṣẹ́ mélòó kan dà pọ̀ di African and Eastern Trade Corporation. Ní 1920, William Lever, òyìnbó tó ń ṣe ọṣẹ Sunlight, ra ilé iṣẹ́ Niger Company. Owó tó san lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn. Ní 1929, àwọn méjèèjì yìí tún dà pọ̀ di United Africa Company. Òun ni gbogbo wa mọ̀ sí UAC.

Ní 1933, UAC ra G. B. Ollivant, tí àwọn ènìyàn ń pè ní GBO. Ṣùgbọ́n wọn kò pa orúkọ GBO rẹ́. Ẹ wò ó ná: ẹni tó bínú kúrò ní UAC, tó lọ rajà ní GBO, ọwọ́ ẹni kan náà ló ṣì ń san owó sí. Orúkọ méjì ló kà lára ògiri, àpò kan ni owó ń bọ́ sí.

ÈRÈ Ń BẸ, EWU Ń BẸ

A kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ìdàpọ̀. Ilé iṣẹ́ tó tóbi lè ra ẹrù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó rà á lọ́pọ̀, kí ó sì gbé e wá nínú ọkọ̀ òkun tirẹ̀. Ó lè fi èyí tà á ní pọ́ọ́kú. Àmọ́ ó lè ṣàì tà á bẹ́ẹ̀, bí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń bá a du oníbàárà.

Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó lé ní mẹ́wàá ṣe àdéhùn lórí kòkó ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà báyìí, àti ní Nàìjíríà. UAC ló tóbi jù nínú wọn. Wọ́n pín kòkó tí oníkálukú yóò rà, kí wọ́n má baà máa fi owó lé owó fún àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast gbọ́, wọ́n sì kọ̀. Wọ́n gbé kòkó wọn pamọ́ títí di 1938, wọn ò tà á, wọn ò sì ra ọjà òyìnbó. Níhìn-ín náà, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement ta ko àdéhùn náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ wá wádìí, ìgbìmọ̀ náà sì bẹnu àtẹ́ lu ohun tí àwọn oníṣòwò ṣe.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni ìjọba fi ń ṣe òfin. Ní 2019, ilé ìtajà ńlá méjì ní ìlú Òyìnbó, Sainsbury's àti Asda, fẹ́ dà pọ̀. Àwọn tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ ọjà sọ pé rárá. Nàìjíríà náà ti ní òfin tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018. Ilé iṣẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ dà pọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ FCCPC.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N FI Ń TI ÌLẸ̀KÙN?

Ìdí àkọ́kọ́ rọrùn. Bí ilé ìtajà méjì bá dojú kọ ara wọn, tí ẹni kan náà sì wá di olówó àwọn méjèèjì, yóò bi ara rẹ̀ pé: kí ni mo ń san owó òṣìṣẹ́ ní ọ̀nà méjì fún? Yóò ti ọ̀kan.

Ìdí kejì ni pé òwò fúnra rẹ̀ yí padà. Ní 1947, ìjọba dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó kòkó sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló wá ń dá iye kòkó. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa pẹ̀lú ń ra kòkó fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí àwọn òyìnbó fi ń ra irè oko bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ní nǹkan bí 1950 sí 1969, UAC ń fi àwọn ìlú kéékèèké sílẹ̀, ó ń lọ sí ìlú ńlá, ó sì ń dá ilé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ní 1972, òfin ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀pọ̀ òwò alágbàtà sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Ìlú ńlá pàápàá kò bọ́. Ní 1948, UAC ṣí Kingsway ní Marina, l'Ékòó. Ilé ìtajà tí gbogbo ayé ń lọ wò ni. Lónìí, Kingsway ti kúrò nílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ nínú rẹ̀ ló di Mr Bigg's ní 1986. Shoprite náà ti South Africa wá sí Èkó ní 2005. Ní 2021, ó ta gbogbo ti Nàìjíríà fún ọmọ ilẹ̀ wa. Ní 2024, wọ́n ti èyí tó wà ní Kánò pa.

KÍ NI ILẸ̀ TÓ ṢÓFO LÈ DÀ?

Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò rántí Woolworths. Ilé ìtajà rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rin. Ní oṣù kìíní 2009, wọ́n ti ìkẹyìn wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé náà, wọ́n yá wọn ni. Àwọn onílé gba ilé wọn padà. Òmíràn di ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, òmíràn di ibi tí wọ́n ti ń ta ọjà pọ́ọ́kú. Òmíràn sì ṣófo fún ọdún púpọ̀.

Ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú kì í ṣe òkú. A lè fi òrùlé ńlá kan ṣe ìsọ̀ fún ogún ọlọ́jà. Ó lè di ilé ẹ̀kọ́, ilé ìkẹ́rù, tàbí ilé ìtọ́jú aláìsàn. Ohun tó máa ń dè é mọ́lẹ̀ ni ẹjọ́. Bí ìdílé méjì bá ń jà sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè mú ìwé jáde, àgádágodo ni yóò máa wà níbẹ̀, òjò yóò sì máa wó ògiri lulẹ̀.

ẸNU ÌWÉ NI Ẹ Ó TI MỌ̀ Ọ́N

Ilẹ̀ ojú irin àti ilẹ̀ ìjọba kì í ṣe ti ìdílé kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdílé yín ló yá ilé iṣẹ́ nílẹ̀, ìwé àdéhùn, tí àwọn akọ̀wé ń pè ní líìsì, yóò wà. Ó lè jẹ́ pé bàbá yín tẹ̀ka sí i láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ mú un jáde, kí ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Ṣé wọ́n ta ilẹ̀ náà ni, tàbí wọ́n yá a? Ilẹ̀ tí a yá kò di ti ayálò.

2. Ọdún mélòó ni? Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ kọ ọdún tí yóò parí sílẹ̀.

3. Èló ni owó ilẹ̀ lọ́dún? Ṣé ìwé náà sọ ìgbà tí a lè fi kún un? Owó tó tó ra màlúù ní 1950 kò lè ra ẹyin kan lónìí.

4. Ṣé ilé iṣẹ́ náà lè gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsọ fún yín?

5. Ta ni yóò ni ilé tí wọ́n kọ́ bí ọdún bá pé? Lábẹ́ òfin, ilé a máa bá ilẹ̀ lọ ni, àyàfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ilé iṣẹ́ méjì bá dà pọ̀, orúkọ lè yí padà, àdéhùn kò yí padà. Ẹni tó jogún ilé ìtajà jogún gbèsè owó ilẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀wẹ̀, láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ìlú tàbí kí ó yá a fún ọdún gbọọrọ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Olórí ẹbí nìkan kò sì gbọdọ̀ dá a ṣe lẹ́yìn àwọn àgbà ìdílé. Bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ẹ lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ náà tuntun yóò wá pẹ̀lú ìwé tuntun. Yóò sọ pé, "Ẹ ṣáà buwọ́ lù ú, ohun kan náà ni." Ẹ sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀ di ọ̀la, pé ẹ fẹ́ kà á ná.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ọjà fi lè wọ́n bí àwọn tó ń tà á bá di ọ̀kan?
2. Kí ni àwọn àgbẹ̀ Gold Coast ṣe ní 1937?
3. Ka nǹkan márùn-ún tó yẹ kí a wò nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀.
4. Ilé ìtajà wo ló ṣófo ní ìlú yín? Ẹ jíròrò ohun tí ó lè dà.