Abẹ̀bẹ̀ Ọwọ́: Ta Ni Yóò Kọ́ Iṣẹ́ Náà?

Bí ooru bá mú ní Ilé-Ogbó tí iná mànàmáná sì lọ, abẹ̀bẹ̀ ni a ń nawọ́ gán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ọ̀ràn. Bí ooru bá mú, abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ̀ ẹ́. Oríṣiríṣi ni tiwa: ti ìko, ti awọ, ti ìyẹ́, àti ti idẹ tí í ṣe ti Ọ̀ṣun.

Ìyá mi àgbà ṣì ń hun ti ìko. Yóò sá ìko lóòrùn, yóò pa díẹ̀ láró, kí ó tó hun ún. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, kò sì sí ọmọ kan tí ó tíì kọ́ ọ. Abẹ̀bẹ̀ oníke ló kún ọjà.

Ilẹ̀ Jàpáànù náà kò ṣaláìní oníke àti fáànù. Síbẹ̀, ní ìlú Marugame, ọparun àti bébà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní uchiwa. Wọn a la orí ọparun kan wẹ́wẹ́ láti fi ṣe egungun abẹ̀bẹ̀, ìdí rẹ̀ a sì di ibi ìdìmú. Ní ọdún 1997, ìjọba wọn kà á mọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ ilẹ̀ wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iyì ìjọba dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń rà á àti ẹni tí ń kọ́ ọ ni í mú iṣẹ́ pẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ìyá mi àgbà ni àbúrò mi obìnrin yóò fi jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Èmi náà ti jókòó tì wọ́n báyìí, mo ń kọ́ ọ.