Nọ́ńbà ìjókòó ní sinimá: ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran ní Lomé

Ìyá aláṣọ kan ní ọjà Adawlato sọ fún wa pé òun kì í lè ti ṣọ́ọ̀bù kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí òun bá fi máa gun zémidjan dé sinimá, àga àárín ti tán, iwájú pátápátá tó ń mú ọrùn ro èèyàn ló kù. Ó fẹ́ kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà àga sórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn ọ̀dọ́ tá a bá pàdé kò gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá tètè dé ni kó yan ibi tó wù ú, torí bí nọ́ńbà bá ti wọ̀ ọ́, owó àga tó dáa yóò lé sí i.

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ní ọ̀pọ̀ sinimá àtijọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, owó ló ń pín ìjókòó. Olówó kékeré á jókòó síwájú, ní gbangba, bí òjò bá dé, orí wọn ló ń rọ̀ sí. Àwọn tó san jù wà lẹ́yìn, lábẹ́ òrùlé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ti kógbá wọlé, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ṣí CanalOlympia Godopé ní Lomé lọ́dún 2017, ó ní nǹkan bí 300 àga.

Lójú tiwa, nọ́ńbà dáa, ṣùgbọ́n kí owó gbogbo àga jẹ́ ọ̀kan náà. Ìyá aláṣọ ní tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ ni wàhálà: bí òun bá kó ọmọ mẹ́ta dání, owó ọkọ̀ àtàlọ àtàbọ̀ ńkọ́, gúgúrú ńkọ́? Orí fóònù ló ti ń wo fíìmù Yorùbá báyìí, láàárín oníbàárà kan sí èkejì.