Ilẹ̀kùn tí ìsáǹsá máa ń kọ́kọ́ kàn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1850, ọkùnrin kan tó ti Alabama wá wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìmúnilẹ́rú ní Philadelphia. Lẹ́yìn bí ogójì ọdún lóko ẹrú ló ra ara rẹ̀ padà, ó sì ń wá òbí rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀, William Still, bi í léèrè orúkọ wọn. Àwọn orúkọ tó dá, orúkọ ìyá àti bàbá Still ni! Peter ni, ẹ̀gbọ́n tí ìyá wọn kò rí gbé dání nígbà tó sá kúrò ní Maryland.

Láti ìgbà náà ni Still kò ti fi àkọsílẹ̀ ṣeré mọ́: orúkọ ìsáǹsá, orúkọ tuntun tó mú, olówó rẹ̀, ẹbí tó kù lẹ́yìn.

Bí ìtàn bá kan bí àwọn ẹrú ṣe ń sá lọ sí ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn òyìnbó onínúure, pàápàá àwọn ẹlẹ́sìn Quaker, ni a sábà ń gbé gẹ̀gẹ̀. Wọ́n gbìyànjú, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ìsáǹsá máa ń kọ́kọ́ kàn, ti aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. David Ruggles wà lára àwọn tó dá ìgbìmọ̀ aṣọ́nà New York sílẹ̀ ní 1835. Robert Purvis náà wà lára àwọn tó dá ti Philadelphia sílẹ̀ ní 1837. Iṣẹ́ wọn kò ní ariwo: oúnjẹ, aṣọ, owó ọkọ̀, lọ́yà. Ilé Ruggles ni Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, dé sí ní 1838, ibẹ̀ náà ló ti gbé Anna Murray níyàwó. Anna, òmìnira tó ń ṣiṣẹ́ ilé ní Baltimore, ló fi owó rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ láti sá. Ìwé tí Douglass fi han kọndọ́kítọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ atukọ̀ ló yá a.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ yìí gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ ewu, nítorí ajínigbé ń gbé òmìnira lọ tà sí Gúúsù. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe lórí ìsáǹsá ẹrú ní 1850 wá da epo síná: ìtanràn tó lè tó 1,000 dọ́là àti ẹ̀wọ̀n oṣù 6 fún ẹni tó bá ran ìsáǹsá lọ́wọ́. Kọmíṣánnà tó gbọ́ ẹjọ́ ń gba dọ́là 10 bó bá dá ẹni náà padà sóko ẹrú, 5 bó bá ní kó máa lọ. Ẹ gbà mí o, irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Still fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ pamọ́ títí ogun abẹ́lé fi parí. Ní 1872 ló tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn ẹbí tí wọ́n ti tú ká lè fi wá ara wọn. Ìwé náà ṣì wà. Ẹ wá a kà.